Bí A Bá Fi Ìjánu Tó Lágbára Jù Sínú Ọkọ̀, Kí Ni ABS Yóò Ṣe?

Lẹ́tà mẹ́ta la mú nínú àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ ìjánu ọkọ̀ àti ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há, ìyẹn ni pé kó dúró láì yí mọ́, nígbà tí a bá tẹ ìjánu. Ọ̀kan wá láti Iléṣà, ọ̀kan láti Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀kẹta láti Modákẹ́kẹ́. Ti Iléṣà la fún ní ààyè jù lọ, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ ló gbé àwọn yòókù ró.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa, mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mo ń wà, tòkúnbọ̀ ni, ó sì ní ABS. Iléṣà ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n ọjà tí mo ń tà máa ń gbé mi lọ sí Adó-Èkìtì, ojú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni mo sì máa ń gbà padà wálé. Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà pẹ̀lú ẹrù, ìjánu a máa gbóná débi pé òórùn rẹ̀ á wọlé wá bá mi, pẹ́dà á sì máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Onípáàtì kan fi dísìkì tó fẹ̀ ju ti inú ọkọ̀ mi lọ hàn mí, pẹ̀lú kálípà (ẹ̀rọ tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì lára) onípísítìnì mẹ́rin àti páàdì tí wọ́n ṣe fún eré ìje. Ó ní ọkọ̀ yóò máa dúró lójú ẹsẹ̀, ABS yóò sì bójú tó ìyókù. Mẹkáníìkì mi ní kí n má dán an wò, pé yóò ba ABS jẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
Oníṣòwò kan, Ìṣọ́kùn, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ewu ọ̀nà. Kí a tó sọ ẹni tó jàre, ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì tó lọ́ mọ́ra nínú lẹ́tà yín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ooru ni ohun tó ń dà yín láàmú lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Ohun tí onípáàtì ṣèlérí fún yín ni pé ọkọ̀ yóò tètè dúró. Ìjánu ńlá lè ran ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní agbára kankan lórí èkejì, nítorí pé ìdìmú tó wà láàárín rọ́bà táyà àti ọ̀dà ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ìjánu kàn ń dín yíyí táyà kù ni. Bí ìdìmú ilẹ̀ bá ti dé òpin, kò sí kálípà tó lè fi kún un.

Ẹ̀yin fúnra yín lè mọ̀ bóyá ìjánu tó wà nínú ọkọ̀ yín tó. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí pé ẹ tẹ pẹ́dà tagbáratagbára lórí ọ̀dà gbígbẹ, tí pẹ́dà ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí ohun kan sì ń dún gìrìgìrì níwájú, ABS ló dá sí i yẹn, ìjánu yín sì ti lágbára ju ohun tí táyà lè gbà. Ọkọ̀ tó ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìjánu rẹ̀ kò tíì gbóná kò lè torí ìjánu tuntun dúró kíá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: ọkọ̀ tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, tí táyà rẹ̀ dára, lórí ọ̀dà gbígbẹ, nílò nǹkan bí mítà 32 kó tó dúró lẹ́yìn tí ìjánu bá ti mú. Bí òjò bá rọ̀, tí táyà sì ti jẹ, tí ìdìmú wá dín kù sí ìdajì, mítà 32 yẹn di nǹkan bí 63. Ìyàtọ̀ mítà 31 nìyẹn, táyà àti òjò nìkan ló sì fà á. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá ní owó ìjánu ńlá lọ́wọ́ pé kó kọ́kọ́ lọ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀, nítorí 1819 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2019, ọ̀pọ̀ táyà tòkúnbọ̀ tó ń dán lójú ló sì ti gbó tipẹ́.

Ní ti ABS, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni onípáàtì àti mẹkáníìkì yín ti ṣì í gbọ́, kálukú ní ọ̀nà tirẹ̀. Láti ọdún 1978 tí ilé-iṣẹ́ Bosch ti Jámánì ti gbé e jáde sínú Mercedes-Benz S-Class, ìlànà rẹ̀ kò yàtọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkọ̀, tó ń ka eyín òrùka irin kan tó ń bá ẹsẹ̀ náà yí, bí eyín wọ̀nyẹn bá sì ṣe ń kọjá ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń sáré tó. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé fa eré rẹ̀ sẹ́yìn ju bí odindi ọkọ̀ ṣe lè fà á lọ, kọ̀ǹpútà mọ̀ pé táyà yẹn ti fẹ́ há. Yóò ti fáàfù tí ọ́ìlì ń gbà wọ inú kálípà ẹsẹ̀ yẹn. Bí ìyẹn kò bá tó, yóò ṣí fáàfù mìíràn kí ọ́ìlì díẹ̀ lè jáde, pọ́ńpù yóò sì dá ọ́ìlì náà padà. Nígbà tí táyà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí dáadáa, yóò máa dá agbára padà fún ìjánu ní díẹ̀díẹ̀. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí táyà má baà há, kí ẹ sì lè máa darí ọkọ̀ bí ẹ ti ń tẹ ìjánu.

Kọ̀ǹpútà yìí kò mọ irú páàdì tó wà nínú kálípà. Kò mọ bí dísìkì ṣe fẹ̀ tó, kò sì mọ ìwọ̀n ẹrù tí ẹ kó sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ìdánwò mọ̀ pé bí fáàfù bá ṣí fún ìwọ̀n àkókò kan, agbára ìjánu yóò fi ìwọ̀n kan lé sí i, ìwọ̀n yẹn ni wọ́n sì kọ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá wá gbé ìjánu tó lágbára jù sí i, ó dà bí ìgbà tí alásè kan mọ ṣíbí tó fi ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, tí ẹnìkan wá mú ṣíbí náà, tó fi ìgbakọ rọ́pò rẹ̀ láì sọ fún un. Ó ṣì ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì lè mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀, ṣùgbọ́n yóò máa bù ú jù ni, yóò sì máa bomi là á. Bákan náà ni ABS yóò máa fi agbára tó pọ̀ jù lé e, táyà yóò tètè fẹ́ há, yóò tún dín in kù ju bó ti yẹ lọ. Ibi tí táyà ti ń di ilẹ̀ mú jù lọ ni ìgbà tí yíyí rẹ̀ bá fi nǹkan bí ìdá 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́ra ju eré ọkọ̀ lọ. Bí ABS bá ń jù ú síwá jù ú sẹ́yìn, táyà kì í pẹ́ ní àyè yẹn, ọkọ̀ tí ẹ náwó lé lórí kí ó tètè dúró sì lè wá gba ọ̀nà tó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Mẹkáníìkì yín kò jìnnà sí òtítọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ABS kì í bàjẹ́ nítorí pé ìjánu tóbi. Páàdì nìkan, bó bá fi díẹ̀ lágbára ju ti àtijọ́, ABS yóò mú un mọ́ra. Ohun tí ẹ óò rí ni pé yóò máa tètè dá sí i kí ẹ tó tẹ pẹ́dà jìnnà. Dísìkì tó fẹ̀ sí i ń mú kí páàdì jìnnà sí àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀, èyí sì ń fi kún agbára ìjánu ní ìwọ̀n tí páàdì fi jìnnà sí i. Kálípà ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Iye písítìnì kò sọ ohunkóhun fún wa. Bí ojú gbogbo wọn ṣe fẹ̀ tó lápapọ̀ ló ṣe kókó. Bí ojú wọn bá fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ọ́ìlì tí másítà sílíńdà, èyí tí pẹ́dà ń tì, gbọ́dọ̀ tì jáde yóò pọ̀ sí i, pẹ́dà yóò sì máa wọlẹ̀ jìnnà kí ìjánu tó mú. Bákan náà ni ọ́ìlì tí fáàfù ABS ń gbà wọlé ní ẹ̀ẹ̀kan kò ní fa ìwọ̀n agbára tí kọ̀ǹpútà ń retí mọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí onípáàtì kò sọ fún yín. Iwájú nìkan ni irú ìjánu bẹ́ẹ̀ máa ń wà fún, nígbà tí ẹ̀yìn Corolla yín, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ onídúrọ́ọ̀mù, yóò wà bó ti wà. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi agbára púpọ̀ sí iwájú nítorí pé bí a bá tẹ ìjánu, ìwúwo ọkọ̀ a máa ṣí lọ síwájú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìpín tí wọ́n wọ̀n fún ẹ̀yìn. Bí iwájú bá wá lágbára kọjá ìpín rẹ̀, táyà iwájú yóò ti dé òpin ìdìmú nígbà tí ti ẹ̀yìn kò tíì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Awakọ̀ tó bá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ tí kò jẹ́ kó wá sókè lè ṣì rí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, nítorí pé ẹsẹ̀ tó fẹ́ há nìkan ni ABS ń ti fáàfù mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń gbẹ́sẹ̀ kúrò díẹ̀ nígbà tí pẹ́dà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ẹ̀rù á bà wá pé nǹkan ti já. Ẹ jọ̀wọ́, bí pẹ́dà bá ń gbọ̀n nígbà tí ewu dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì máa wo ibi tí ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ gbà.

Dísìkì tó fẹ̀ lè má gba abẹ́ rímù 15, wọn yóò sì ní kí ẹ ra 16. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kó ABS sí wàhálà. Táyà 195/65R15 ga tó nǹkan bíi mílímítà 634. 205/55R16 ga tó 632, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sì ní yọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n 205/50R16 kò ju 611 lọ. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ sí iwájú, tí ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ iwájú yóò máa yí kíákíá ju ti ẹ̀yìn lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ìgbà, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀ gan-an ni ABS ń wò láti mọ ẹsẹ̀ tó ń yọ̀. Ohunkóhun tó wù kí ẹ ṣe, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba ní gíga.

Ní ti ooru, òtítọ́ ni pé dísìkì tó wúwo tó sì nípọn ń gba ooru púpọ̀ sára kó tó gbóná jù, ó sì ń tètè tutù bó bá ní ihò afẹ́fẹ́ láàárín. Òkè tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ọkọ̀ àti ẹrù bá wúwo tó 1,500 kìlógíráàmù, tó sì sọ̀kalẹ̀ ní gíga mítà 100 láì sí ìrànlọ́wọ́ jíà, ooru tí ìjánu yóò gbà tó ti ìgbà tí ènìyàn dúró pátápátá láti orí eré 80 ní ìgbà mẹ́rin léraléra. Nítorí náà, bí ẹ bá ti dé orí òkè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ni kí ẹ ti fa jíà sí 2, tàbí L níbi tó bá ti le gan-an, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì di ọkọ̀ mú, kí ẹ sì máa tẹ ìjánu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tú u sílẹ̀, dípò kí ẹ fi ẹsẹ̀ lé e láti òkè dé ilẹ̀. Pẹ́dà tó ń rọ̀ yẹn ń sọ fún wa pé ó ṣeé ṣe kí ọ́ìlì ìjánu yín ti máa hó. DOT ni orúkọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń pín ọ́ìlì ìjánu sí ìpele. Ọ́ìlì DOT 3 tuntun kì í hó kó tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, bí omi bá sì ti pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè máa hó ní nǹkan bí 140. DOT 4 tuntun ń dé 230. Kí ẹ da ti àtijọ́ nù, kí ẹ fi DOT 4 sí i, kí ẹ ra páàdì ojúlówó tí wọ́n ṣe fún Corolla, kí ẹ sì yẹ dísìkì wò bóyá ó ti fẹ́ẹ́lẹ́: gbogbo rẹ̀ kò lè tó owó kálípà onípísítìnì mẹ́rin, òun ló sì bá àìsàn ọkọ̀ yín mu.

Ẹ fi páàdì eré ìje sílẹ̀ pátápátá. Ìgbà tó bá gbóná gan-an ló ń mú dáadáa, bí ẹ bá sì jáde ní òwúrọ̀ tí ọmọdé kan já sí ojú títì ní Ẹrẹ́jà, tútù ni páàdì náà yóò wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àárọ̀, Olóòtú. Mo pààrọ̀ sháfùtì iwájú ọkọ̀ mi, mo sì ra dísìkì oníhò pẹ̀lú rẹ̀ nítorí pé ó rẹwà. Láti ọjọ́ náà ni iná ABS ti tàn sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ríwáyà yọ fíúsì kan, ó ní kò sí ewu, pé ìjánu ọkọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé dísìkì oníhò ló fà á? Ṣé kí n fi fíúsì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Lágéré, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Dísìkì kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra oníhò fún ọkọ̀ ojoojúmọ́, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn ni ó ti sábà máa ń sán. Sháfùtì, ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú, ni mo fura sí. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ara sháfùtì ni òrùka onéyín tí sẹ́ńsọ̀ iwájú ń kà wà, àwọn onípáàtì sì ń ta sháfùtì tó ní òrùka àti èyí tí kò ní, tí àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Bí wọ́n bá fi èyí tí kò ní òrùka sí i, sẹ́ńsọ̀ kò rí ohun kà. Nígbà mìíràn òrùka wà, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kò pé. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ eyín 48, tí tuntun jẹ́ 44, kọ̀ǹpútà yóò gbà pé ẹsẹ̀ yẹn ń lọ́ra ní ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún nígbà gbogbo, ó sì lè tú ìjánu rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú ẹsẹ̀ náà, kó ka eyín òrùka náà, kó fi wé ti ẹ̀gbẹ́ kejì, kó sì wò ó bóyá irin tó já tàbí ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ orí sẹ́ńsọ̀. Àlàfo tó wà láàárín sẹ́ńsọ̀ àti eyín kì í sábà ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ.

Ẹ ní kí wọ́n dá fíúsì padà lónìí. Òótọ́ ni ríwáyà sọ pé ìjánu ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ tí kò sọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀rọ ABS kan náà ló ń ṣe EBD, èyí tó ń dín agbára ìjánu ẹ̀yìn kù kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má baà há ṣáájú ti iwájú, nítorí náà wọn kò fi fáàfù àtijọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn sí i mọ́. Ẹni tó yọ fíúsì ti yọ méjèèjì. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá há lórí ọ̀dà tútù, ìdí ọkọ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ wá síwájú, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè yí ìdarí tó láti dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní àkókò òjò kò gbọdọ̀ máa gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Títí wọn yóò fi tún un ṣe, bí iná ABS nìkan bá tàn, ẹ máa rọra wà á. Bí iná ìjánu pupa bá tàn pẹ̀lú rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí i lẹ́yìn àtúnṣe pé ọkọ̀ ń yọ̀ lọ díẹ̀ kó tó dúró lórí ilẹ̀ pupa tàbí òkúta wẹ́wẹ́ ní àwọn àdúgbò tí kò tíì ní ọ̀dà, ABS kò bàjẹ́. Lórí ilẹ̀ tó ń ṣí, táyà tó há a máa kó yẹ̀pẹ̀ jọ síwájú ara rẹ̀, ìyẹn sì ń dá ọkọ̀ dúró. ABS kì í jẹ́ kó kó o jọ. Ẹ dín eré kù ṣáájú níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní ọ́ìlì ìjánu DOT 5 ló dára jù nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ ló ga jù. Ṣé mo lè rọ ọ́ sínú ọkọ̀ tó ní ABS?
Ọ̀dọ́kùnrin kan, Modákẹ́kẹ́

ÌDÁHÙN: Rárá o. Sílíkónì ni wọ́n fi ṣe DOT 5, kò bá DOT 3 àti DOT 4 pò, ó sì máa ń gba afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú bí pọ́ńpù ABS bá ń tì í síwá sẹ́yìn, èyí tó ń mú pẹ́dà rọ̀ bíi fóòmù. DOT 5.1 yàtọ̀ sí i pátápátá. Ẹbí kan náà ni òun pẹ̀lú DOT 3 àti DOT 4. Ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí ìkòkò ọ́ìlì náà ni kí o tẹ̀ lé, kí o sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Bí mẹkáníìkì bá ti tú páìpù ara ẹ̀rọ ABS, tí pẹ́dà sì ṣì rọ̀ lẹ́yìn tó ti fa afẹ́fẹ́ jáde ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, afẹ́fẹ́ ló há sínú ẹ̀rọ náà. Wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò, kó fi pàṣẹ fún fáàfù àti pọ́ńpù ABS láti ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti ń fa afẹ́fẹ́ náà jáde.